Kí Ẹgbẹ́ Tó Gun Òkè: Ẹ̀kọ́ Lórí Ojú Ọjọ́ àti Ojú Ọ̀nà

Láti ọwọ́ Ìnsípẹ́tọ̀ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù

Ẹ̀kọ́ tí a sábà máa ń kọ́ ní ojú ìwé yìí ni bí a ti ń kọ ìwé owó, bí a ti ń yáni lówó, àti bí a ti ń gba owó náà padà. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé ti òní dá lórí òjò, àrá, àpáta àti ọ̀nà òkè. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa ló ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dún láti jáde lọ gbafẹ́. Àwọn kan ń lọ sí Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn kan ń lọ wo omi tó ń já láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn mìíràn ń gun Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ fẹ́ràn rẹ̀, àwọn àgbà náà sì ń sọ pé ó ń jẹ́ kí orúnkún àwọn nà. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ kì í ti í yá ẹnikẹ́ni lówó láìṣe ìwádìí, bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí ó kó ènìyàn lọ sí orí òkè láìwádìí ojú ọjọ́ àti ojú ọ̀nà.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ní oṣù Kẹrin ọdún kan tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, ẹgbẹ́ kan tí mo máa ń yẹ ìwé wọn wò ní kí n bá àwọn lọ sí Òkè Ìdànrè. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, nítorí kì í ṣe láti dójú ti ẹnikẹ́ni ni mo fi ń kọ èyí. A jẹ́ ènìyàn 43, nínú bọ́ọ̀sì mẹ́ta. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni wọ́n dá fún wa, ṣùgbọ́n aago mẹ́sàn-án ti kọjá kí a tó gbéra. A ń dúró de oúnjẹ, a tún ń dúró de àwọn tí kò tètè jí. Nígbà tí a ó fi dé ẹsẹ̀ òkè, ọ̀sán ti pọ́n. Oòrùn ń ta, ooru mú, kò sí afẹ́fẹ́ rárá.

Ọkùnrin tí yóò fi ọ̀nà hàn wá gbójú sókè, ó sì wí fún alága pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a fi ti òní mọ sí ìsàlẹ̀ níhìn-ín. Òjò ń ṣú lẹ́yìn òkè."

Alága wo òkè, kò rí nǹkan kan ju oòrùn lọ. Ó ní, "Owó bọ́ọ̀sì tí a ti san ńkọ́? Owó ìwọlé ńkọ́? Ṣé òjò ni yóò dá a padà fún wa?" Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Akápò nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bàbá Alága, onílé ló mọ ibi tí ilé rẹ̀ ti ń jò o. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tirẹ̀." Ni alága bá kọjú sí mi, ó ní, "Ọ̀gá Ìnsípẹ́tọ̀, kí ni ẹ̀yin wí sí i?"

Ẹ̀yin ará, mo mọ ohun tó yẹ kí n wí. Nígbà tí bọ́ọ̀sì ń yí kọ́nà tó kẹ́yìn bọ̀, mo ti rí i pé ojú sánmà ní ìhà ìlà oòrùn ti dúdú bí aró. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé àlejò ni mí, n kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé èmi ni mo ba ọjọ́ wọn jẹ́. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ẹgbẹ́ yín. Ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí ni kí ẹ ṣe." Wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ gùn ún na ọwọ́ sókè. Ọwọ́ tó nà pọ̀ ju èyí tí kò nà lọ. A gùn ún.

A kò tíì dé òkè tán tí atẹ́gùn tútù kan fi fẹ́ dé lójijì. Kò pẹ́ rárá lẹ́yìn rẹ̀ tí òjò fi dé, àrá ń sán, omi ń ṣàn gba orí àtẹ̀gùn lọ bí ẹni pé odò ni. Gbogbo ènìyàn kọjú sí ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú ń du orí ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ Ìyá Akápò yọ̀, wọ́n ṣubú, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbalẹ̀, egungun ọrùn ọwọ́ náà sì ṣẹ́. Ọrùn ẹsẹ̀ wọn tún yẹ̀. Ó gbà wá ní nǹkan bí wákàtí mẹ́ta láti gbé wọn dé ìsàlẹ̀, ilẹ̀ sì ti ṣú.

A dúpẹ́ pé ẹ̀mí kò bọ́. Ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún ni ṣọ́ọ̀bù wọn fi wà ní títì, ọwọ́ náà kò sì lè we gèlè bí ó ti yẹ títí di òní. Nígbà tí mo yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò ní òpin ọdún, mo rí i pé owó tí ẹgbẹ́ ná sórí ìtọ́jú wọn ju ìlọ́po mẹ́ta owó bọ́ọ̀sì tí a kò fẹ́ kí ó ṣòfò lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà ní ọjọ́ náà, mo sì dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ẹ̀kọ́ yìí.

1. Ẹ MỌ ÀSÌKÒ TÍ Ẹ WÀ

Ní ilẹ̀ Yorùbá, afẹ́fẹ́ méjì ló ń bá ara wọn jìjàkadì lórí wa lọ́dọọdún. Ọ̀kan ń ti orí òkun wá láti gúúsù, ó tutù, ó kún fún omi. Òun ló ń gbé òjò wá. Èkejì ń ti aginjù Sàhárà wá láti àríwá, ó gbẹ, ó kún fún eruku. Òun là ń pè ní ọyẹ́. Èyí tó bá borí nínú méjèèjì ló ń pinnu bí ojú ọjọ́ yóò ti rí. Ẹ kọ àwọn àsìkò wọ̀nyí sí ìwé:

Láti ìparí oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kejì: àkókò ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ nìyí. Òjò ṣọ̀wọ́n, àpáta gbẹ, ọ̀nà òkè sì dára láti rìn ju ìgbà mìíràn lọ. Ewu tirẹ̀ ni eruku, èyí tí kò dára fún àwọn tó ní ikọ́ fée, àti iná tí àwọn ènìyàn ń dá sí igbó. Koríko gbígbẹ kì í fi iná ṣeré. Bí ẹ bá rí èéfín ní ìsàlẹ̀ òkè tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ bọ̀, ẹ má gòkè.

Láti oṣù Kẹta dé oṣù Karùn-ún: àkókò òjò àkọ́rọ̀ nìyí. Ìjì àti àrá pọ̀ ní àkókò yìí. Òwúrọ̀ lè mọ́ kedere, kí oòrùn ta títí di ọ̀sán, kí ìjì sì dé nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́. Àkókò yìí náà ni ooru máa ń mú ènìyàn gidigidi. Oṣù Kẹrin ni tiwa ṣẹlẹ̀.

Láti oṣù Kẹfà dé àárín oṣù Keje: òjò ńlá. Ilẹ̀ ti mu omi yó, ọ̀nà rọ̀, odò kún. Kì í ṣe àkókò tó yẹ kí ẹgbẹ́ kó àgbà àti ọmọdé lọ sí òkè.

Láti ìparí oṣù Keje dé ìparí oṣù Kẹjọ: òjò máa ń sinmi díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìsinmi yìí ń tàn jẹ. Òjò kò rọ̀ púpọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oòrùn kì í sábà yọ dáadáa, òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀, àpáta kì í sì í gbẹ.

Oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá: òjò padà dé. Nígbà tí ó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ, ìjì àti àrá tún máa ń bá a rìn bí ti òjò àkọ́rọ̀.

Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ yan ọjọ́ fún ìgbafẹ́ lórí òkè, oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní ló dára jù. Bí ó bá di dandan kí ó jẹ́ àsìkò òjò, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ sì ti sọ̀kalẹ̀ kí oòrùn tó yẹ̀ àtàrí.

2. Ẹ GBỌ́ TI ÀWỌN ONÍMỌ̀, KÍ Ẹ SÌ BI ẸNI TÓ Ń GBÉ IBẸ̀

Àjọ tó ń rí sí ọ̀ràn ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, tí à ń pè ní NiMet, ni òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 2003. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sọ ìgbà tí òjò lè bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí ó lè parí ní ibi gbogbo. Wọ́n sì tún ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ti rí ní ọjọ́ mélòó kan sí i. Ẹ lè gbọ́ ọ lórí rédíò, ẹ sì lè rí i lórí fóònù. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ wò ó ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìrìn àjò, kí ó tún wò ó ní alẹ́ tí ilẹ̀ yóò mọ́, kí ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èyí yé wa: ohun tí àjọ náà ń sọ, ó kan agbègbè ńlá. Bí wọ́n bá ní òjò àti àrá lè wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọ̀sán, kò túmọ̀ sí pé yóò rọ̀ sórí òkè tí ẹ ń lọ ní dandan, kò sì túmọ̀ sí pé kò ní í rọ̀. Nítorí náà, ẹ pe afinimọ̀nà tàbí ẹnì kan tó ń gbé ní ìlú náà. Ẹ bi í pé: Ìgbà wo ni òjò rọ̀ kẹ́yìn? Ṣé àpáta ti gbẹ? Ṣé igi kankan wó dí ọ̀nà? Ṣé oyin kò sí ní ẹ̀bá ọ̀nà? Ìbéèrè mẹ́rin yìí kò ju owó ìpè ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

3. BÍ A TI Ń MỌ̀ PÉ ÌJÌ Ń BỌ̀

Ní apá ilẹ̀ wa, ìhà ìlà oòrùn ni ìjì òjò ti sábà máa ń wá, tí ó sì ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Ibi tó yẹ kí ojú wa máa wò nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí òkè bá wà láàrin wa àti ìlà oòrùn, a kò ní rí ìjì náà títí yóò fi dé tán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí alága wa nìyẹn: oòrùn tó ń ta sí wa lórí kò purọ́, àpáta ló bo ìyókù mọ́ wa lójú.

Ẹ máa ṣọ́ nǹkan mẹ́ta: kùrukùru tó ń ga sókè bí òwú tí ìdí rẹ̀ sì ń dúdú, afẹ́fẹ́ tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ pẹ̀lú ooru, àti atẹ́gùn tútù tó fẹ́ lójijì. Bí ẹ bá ti rí ẹ̀kẹta, òjò ti dé ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe àkókò àpérò mọ́.

Ní ti àrá, ìṣirò kan wà tí ọmọ ilé ìwé lè ṣe. Ojú wa ń rí mànàmáná lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn àrá ń rìn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3 fún kìlómítà kan. Bí ẹ bá rí mànàmáná, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kà. Bí ẹ bá ka 15 kí ẹ tó gbọ́ àrá, ẹ pín in sí mẹ́ta: kìlómítà 5 ni àrá náà wà sí yín. Òfin tí àwọn onímọ̀ fi lélẹ̀ ni pé bí kíkà yín bá dín ní 30, ẹ ti wà nínú ewu, nítorí pé àrá tó bá wà ní kìlómítà 10 lè sán sí ibi tí ẹ wà nígbà tó bá tún sán. Ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ má sì tún gòkè títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tí ẹ gbọ́ kẹ́yìn.

Lórí àpáta gbalasa, ènìyàn tó dúró ni igi tó ga jù níbẹ̀. Ẹ má ṣe dúró ní téńté òkè. Ẹ má sá sábẹ́ igi tó dá dúró, ẹ má sì rá pálá sábẹ́ àpáta tí kò jìn nínú. Bí irin ìdìmú bá wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn, ẹ má dì í mú nígbà tí àrá bá ń sán. Ẹ má ṣe kó ara yín jọ sójú kan. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàrin ara yín bí ẹ ti ń sọ̀kalẹ̀. Ibi ìsádi tó dájú ni inú ilé gidi, tàbí inú ọkọ̀ onírin tí ìlẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ wà ní títì.

4. OJÚ Ọ̀NÀ

Ẹ jẹ́ kí a mú ibi méjì wò.

Òkè Ìdànrè: Orí òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá tẹ ìlú tuntun dó sí ìsàlẹ̀. Ààfin àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ní ọdún 2007 ni Nàìjíríà fi òkè náà sínú ìwé àwọn ibi tí ó fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gbogbo àgbáyé. Àtẹ̀gùn tí a ó gùn kí a tó dé ìlú àtijọ́ ju 600 lọ. Ẹni tó bá ti kọjá ibẹ̀ yóò bá àpáta tí kò ní àtẹ̀gùn pàdé. Àpáta gbígbẹ ń di bàtà mú dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tútù aláwọ̀ ewé tí ń hù sára òkúta, bí omi bá ti kàn án, yóò máa yọ̀ bí ilá. Òjò lè dá, kí oòrùn yọ, kí ara òkúta tó wà níbi òjìji ṣì tutù fún ìgbà pípẹ́. Ẹsẹ̀ kì í sì í yọ̀ nígbà tí a ń gòkè tó bí ó ti ń yọ̀ nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀.

Bí a bá gòkè tó ẹsẹ̀ bàtà 1,000, ooru máa ń dín ní nǹkan bí ìwọ̀n 2 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ tutù, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ lù, òtútù lè mú un gidi gan-an bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òógùn ló ń bọ́ lára rẹ̀ nígbà tó ń gùn ún.

Omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà: Olúmirìn ni wọ́n ń pè é. Ìpele méje ló ní, láti ìsàlẹ̀ dé orí òkè ní ìhà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ìpele kìíní rọrùn láti dé. Bí a ti ń lọ sókè ni ọ̀nà ń ga sí i, tí ó sì ń di ti gbòǹgbò igi, erùpẹ̀ àti òkúta. Nígbà òjò ni omi yìí lẹ́wà jù, ìgbà náà ni ó sì léwu jù. Ẹ rántí pé omi tí ẹ ń wò ní ìsàlẹ̀, òkè ni ó ti ń bọ̀. Òjò lè rọ̀ sórí òkè kí ó má kán sí yín lára rárá, kí omi sì kún lójijì. Àmì rẹ̀ nìwọ̀nyí: omi tó mọ́ tẹ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n, ewé àti igi wẹ́wẹ́ yóò máa bá a bọ̀, ariwo rẹ̀ yóò sì le sí i. Bí ẹ bá rí ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́ta yìí, ẹ jáde kúrò nínú omi. Ẹ má dúró wá sílípáàsì.

Níbikíbi tí a bá ń lọ: bàtà tí ìdí rẹ̀ ní eyín ni kí a wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì, kì í ṣe bàtà ọjọ́ ìsinmi. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní omi mímu lọ́wọ́. Ọ̀rá omi kan jẹ́ ìdajì lítà, kí a ṣírò rẹ̀ sí ọ̀rá kan fún wákàtí kan tí a ó fi rìn, kí a sì fi méjì lé e. Kí a mú tọ́ọ̀ṣì dání bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán ni.

5. ÌṢIRÒ ÀKÓKÒ

Ní ọdún 1892, ará Scotland kan tó ń jẹ́ William Naismith fi ìṣirò kan lélẹ̀ tí àwọn agunkè ń lò títí di òní. Ó ní kí a ka wákàtí 1 fún máìlì 3 tí a ó rìn, kí a sì fi wákàtí 1 mìíràn lé e fún ẹsẹ̀ bàtà 2,000 tí a ó gùn sókè. Ẹni tí ara rẹ̀ le ni ó ṣe é fún. Fún ẹgbẹ́ tí àgbà àti ọmọdé wà nínú rẹ̀, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí a sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọ̀nà wa jẹ́ máìlì kan àti ààbọ̀, a ó sì gun ẹsẹ̀ bàtà 1,000.

Ìrìn máìlì kan àti ààbọ̀: ìṣẹ́jú 30
Gígùn ẹsẹ̀ bàtà 1,000: ìṣẹ́jú 30
Àpapọ̀: wákàtí 1
Ìlọ́po méjì fún ẹgbẹ́: wákàtí 2
Ìsinmi àti oúnjẹ lókè: wákàtí 1
Sísọ̀kalẹ̀: wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 30
Gbogbo rẹ̀: wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 30

Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, a ó ti dé ìsàlẹ̀ ní aago méjìlá ààbọ̀. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá ọ̀sán, yóò di aago mẹ́rin ààbọ̀, àkókò tí ìjì fẹ́ràn láti jà. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì, yóò di aago mẹ́fà ààbọ̀. Ní oṣù Kọkànlá, oòrùn ti wọ̀ ní àkókò náà, ilẹ̀ wa kì í sì í pẹ́ ṣú lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Ẹ rí i pé wákàtí mẹ́ta tí a fi dúró de oúnjẹ ní ọjọ́ tí mo sọ yẹn, kì í ṣe nǹkan kékeré. Òun ló gbé wa lọ pàdé òjò.

Nínú ìṣirò yìí ni a ó ti mú aago ìpadà jáde. Aago ìpadà ni wákàtí tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀, yálà a ti dé òkè tàbí a kò tíì dé e. Ilé ni a ti ń dá a, a kì í dá a lórí òkè.

6. IṢẸ́ ÌGBÌMỌ̀

Kí ìgbìmọ̀ ṣe nǹkan wọ̀nyí kí ọjọ́ tó pé, kí akọ̀wé sì kọ wọ́n sínú ìwé ìpàdé:

(a) Kí a dá ọjọ́ méjì: ọjọ́ ìrìn àjò, àti ọjọ́ àfirọ́pò bí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́.

(b) Kí a bá onímọ́tò ṣe àdéhùn lórí ìwé nípa iye tí yóò mú bí a bá sún ọjọ́ síwájú. Iye yìí ni kí a kà sí owó tó ti lọ, kí ó má baà máa dùn wá lọ́kàn ní ẹsẹ̀ òkè.

(d) Kí a kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ń lọ, àti nọ́ńbà fóònù ará ilé wọn. Kí a kà wọ́n ní ẹsẹ̀ òkè, kí a kà wọ́n lókè, kí a sì tún kà wọ́n nígbà tí a bá sọ̀kalẹ̀.

(e) Kí a pín wọn ní méjì-méjì, kí ẹnì kan tó lágbára sì máa rìn kẹ́yìn pátápátá. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

(ẹ) Kí àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì wà, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò sì wà pẹ̀lú. Kí a ti mọ ilé ìwòsàn tó súnmọ́ ibẹ̀ jù kí a tó kúrò nílé.

(f) Kí ibi tó dára wà ní ìsàlẹ̀ fún àwọn tí kò lè gùn ún, kí ó má baà dàbí ẹni pé ìtìjú ni láti dúró.

7. OHÙN KAN TÓ

Mo wá dé ibi tí mo ń lọ. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọmọ ẹgbẹ́ kan, ìbò kan ni. Ohun tí àwọn tó pọ̀ bá wí ni àṣẹ. Òfin rere ni, orí rẹ̀ ni ẹgbẹ́ wa dúró lé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀ràn ni ìbò wà fún. Bí a bá dìbò lórí iye èlé tí a ó máa gbà, tí ìbò náà sì ṣì wá lọ́nà, a lè tún un ṣe ní ìpàdé tó ń bọ̀. Bí a bá dìbò lórí òjò, òjò kò sí níbi ìpàdé wa, kò sì mọ iye ọwọ́ tó nà sókè. Ẹni tó fẹ́ gùn ún àti ẹni tí kò fẹ́ ni yóò jọ pa.

Nítorí náà, òfin tí mo ń dábàá fún gbogbo ẹgbẹ́ ni èyí: láti lọ síwájú, gbogbo ohùn gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan, láti padà, ohùn kan ṣoṣo tó. Bí afinimọ̀nà bá ní kí a padà, a ó padà. Bí ọmọ ẹgbẹ́ tó kéré jù ní ọjọ́ orí bá ní ẹ̀rù ń ba òun nítorí ohun tí òun rí lójú sánmà, a ó padà. A kò ní bi í léèrè owó bọ́ọ̀sì. A kò sì ní í fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkọ̀. Bí a bá padà tí òjò kò sì rọ̀ mọ́, kò sí ẹni tó jẹ̀bi.

Kí a kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn nínú bọ́ọ̀sì kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ nílé kò ní í tijú láti lò ó lórí òkè. Bí a bá ti ní irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tiwa, ọ̀rọ̀ afinimọ̀nà nìkan ì bá ti tó. Ọ̀rọ̀ Ìyá Akápò ì bá ti tó. Ìdákẹ́jẹ́ tèmi ì bá má sì ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi.

Ẹgbẹ́ náà padà sí Ìdànrè ní oṣù Kìíní ọdún kejì. Wọ́n pè mí, mo sì lọ. Aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ la ti wà ní ẹsẹ̀ òkè. Ìyá Akápò jókòó sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìwé orúkọ lórí itan, wọ́n ń fi ọwọ́ òsì kọ àmì sí iwájú orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan. Ọyẹ́ mú, ọ̀nà gbẹ, ìrìn dùn. Ṣùgbọ́n àwọn mélòó kan rẹ̀, a kò sì rìn tó bí a ti rò. A ti ń wo ibi tí a ń lọ lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí aago ìpadà lù. Àwọn ọ̀dọ́ ní, "Bàbá, ó kù díẹ̀ péré." Alága wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Òkè yìí ti wà kí wọ́n tó bí bàbá mi. Yóò dúró dè wá. Ẹ jẹ́ kí a padà." Kò sí ẹni tó jiyàn. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, Ìyá Akápò kà wá, orúkọ gbogbo wa sì pé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

1. Nínú oṣù tí ẹgbẹ́ yín máa ń jáde lọ gbafẹ́, kí ni ewu ojú ọjọ́ tó wà níbẹ̀? Ṣé ó yẹ kí ẹ yí oṣù náà padà?

2. Ẹ rí mànàmáná, ẹ ka 21 kí ẹ tó gbọ́ àrá. Kìlómítà mélòó ni ó wà sí yín? Kí ni ẹ ó ṣe?

3. Ọ̀nà kan jẹ́ máìlì 3, ẹ ó sì gun ẹsẹ̀ bàtà 500. Pẹ̀lú ìlọ́po méjì fún ẹgbẹ́, wákàtí mélòó ni ẹ ó fi dé òkè? Aago mélòó ni ẹ ó dá fún ìpadà?

4. Ṣé ìgbìmọ̀ yín gbà pé kí ohùn kan tó láti dá gbogbo ẹgbẹ́ padà? Bí ẹ bá gbà, ẹ jẹ́ kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé lónìí, kí alága sì fọwọ́ sí i.

(Ìdáhùn sí ìbéèrè 2: kìlómítà 7; ẹ sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìdáhùn sí ìbéèrè 3: wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 15 fún ẹni tí ara rẹ̀ le, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 30 fún ẹgbẹ́. Aago ìpadà dúró lórí ìgbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ àti àsìkò tí ẹ wà nínú ọdún.)

Àlọ yín o, àbọ̀ yín o.